Wágọ́nù Mẹ́rìndínlógún Alága Brumbaugh

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ̀rín yín pamọ́ títí ìtàn yóò fi dé ibi ẹ̀rín. Àgbàlagbà ni gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n bímọ, àwọn mìíràn ti ní ọmọ-ọmọ. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọn a gun àkàbà lọ sí òkè ilé iṣẹ́ bàtà àtijọ́ kan ní Cutler's Gap, ní Pennsylvania. Níbẹ̀, wọn a máa fi ọkọ̀ ojú irin tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ kó ẹrù tí kò sí, láti ìlú tí kò sí, lọ sí ìlú tí kò sí.

Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ gidi ni. Tábìlì tí irin wà lórí rẹ̀ yí gbogbo yàrá ká, ó ní òkè, ó ní odò, ó ní afárá. Wágọ́nù tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ ni wágọ́nù alápótí, èyí tó rí bí àpótí gígùn, tó ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wágọ́nù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Káàdì náà ni yóò sọ ohun tó kó àti ibi tó ń lọ. Bí káàdì bá ní ìyẹ̀fun ń lọ sí Danforth, tí o bá gbé e lọ ibòmíràn, ojú á tì ọ́ bí ẹni tó ṣi àlejò mú wọlé.

Ẹgbẹ́ yìí ni Thaddeus Brumbaugh di alága lé lórí. Kò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ojú mọ́tò tó bá gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ. Báwo ló ṣe wá dé orí oyè? Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan alága, kọfí pọ̀, ilé ìtọ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó fẹ́ oyè náà, gbogbo ọlọ́gbọ́n ti wà lórí ìlà níwájú ilé ìtọ̀. Brumbaugh nìkan ló ṣì jókòó.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dé pẹ̀lú fìlà ọ̀gá rélùwéè lórí, ṣéènì aago wúrà sì nà gbọọrọ lórí ikùn rẹ̀. Ó fi Dwight Pell ṣe akọ̀wé. Ọkùnrin tó lè yin òjò fún bó ṣe tutù ni Dwight. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró lórí àkàbà kí ó sì fọn fèrè bí alága bá ń bọ̀. Bí fèrè bá ti dún, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kódà èyí tó ń gun òkè lọ́wọ́, tí yóò sì padà yọ́ wá sílẹ̀ bí ìgbín tó jábọ́ lára ògiri.

"Ọ̀gá Àgbà Gbogbo Ojú Irin Ìlà-Oòrùn ti gúnlẹ̀!" Dwight á kígbe.

Ìlà-Oòrùn wo? Láti ògiri kan dé èkejì, ẹsẹ̀ bàtà ogójì ni.

Aago wúrà náà kò péye. Wákàtí kan kì í kọjá kó má fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Brumbaugh pàṣẹ pé kí wọ́n yí aago ògiri, èyí tí gbogbo ọkọ̀ ń tẹ̀ lé, kó bá tirẹ̀ mu. Kí oṣù tó parí, ọkọ̀ òwúrọ̀ ti ń dé lẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀sán.

"Alága, aago yín ti ń kú lọ," ni Lorna Szabo wí. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni Lorna, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì fẹ̀yìn tì.

"Aago mi kò kú, Lorna. Ayé ló ń kánjú."

"Háà!" ni Dwight wí. "Ọ̀rọ̀ ńlá! Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Verlin Hostetter gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí káàdì rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Òun ti ṣiṣẹ́ rélùwéè gidi fún ọdún méjìdínlógójì, nídìí bíréèkì, nínú òjò dídì. Ìyàwó rẹ̀ ló mú un wọ ẹgbẹ́ yìí. Arlene ni orúkọ rẹ̀. Arlene a máa gbé fúláàsì kọfí, a lọ jókòó sínú mọ́tò níbi tí ọ̀nà ti ré ojú irin kọjá, a máa wo wágọ́nù tó ń kọjá. Bó bá rí èyí tó wù ú, á padà sílé, á fi ọ̀dà sọ wágọ́nù kékeré kan di èyí tó rí: bó ṣe dógùn-ún létí ilẹ̀kùn, bí ẹ̀fín ṣe dú u lórí, bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe ṣí, àti ohun tí òṣìṣẹ́ kan fi ṣọ́ọ̀kì yà sí i lára. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe mẹ́rìnlélógójì. Ó kú ní oṣù kẹta.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Verlin ta ilé, ó kó lọ sí yàrá kan àti pálọ̀. Kò sí àyè tábìlì níbẹ̀. Àwọn wágọ́nù náà wà lórí pákó ẹgbẹ́, lẹ́bàá fèrèsé. Bí Sátidé bá ti pé, á mú káàdì wọn, á rán wọn níṣẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù fún un láti máa ṣe nìyẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án ni Brumbaugh ra wágọ́nù alápótí mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pupa, wọ́n ń dán, lẹ́tà wúrà sì kọ BRUMBAUGH sí ìhà méjèèjì. Ó tò wọ́n sórí aṣọ fẹlifẹ́ẹ̀tì. Páálí wọn kò jìnnà sí wọn.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: wágọ́nù tuntun kò gbọdọ̀ dé ojú irin kó má kọ́kọ́ dé orí ìwọ̀n. Ìwọ̀n ilé ìdáná kan ló wà fún un. Bó bá fúyẹ́, wọn a tú abẹ́ rẹ̀, wọn a lẹ òjé sí i nínú. Lorna gbé ìwọ̀n wá.

"Alága, ẹ gbé wọn sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé ẹ̀wà ni wọ́n ni?" Dwight fò dìde. "Ta ló ń gbé ọba sórí ìwọ̀n?"

"Wọ́n ṣófo, Dwight. Mo lè fẹ́ wọn lọ."

Brumbaugh gbé ọwọ́ sókè. "Lorna, ìwọ kò mọ ohun tí à ń pè ní ohun ìṣúra. Bí mo bá tú abẹ́ wọn, wọn kì í ṣe bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe wọ́n mọ́. Wọ́n á di ọjà lásán. Kò sí ọbẹ tí yóò kan abẹ́ wọn. Òfin ìwọ̀n wà fún wágọ́nù mẹ̀kúnnù."

Àgbá òfìfo ní í dún woroworo, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àgbá?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gun orí àga, ó ka ìwé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí Dwight ṣe kọ ọ́ sílẹ̀:

"Ẹ̀yin ọmọ abẹ́ mi! Nígbà tí Ẹlẹ́dàá fi irin sínú ilẹ̀, èmi ló ní lọ́kàn. Nígbà tí àwọn baba wa gbẹ́ òkè kí ọkọ̀ lè kọjá, ọ̀nà mi ni wọ́n ń là. Nísinsìnyí, Sátidé tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ti oṣù kọkànlá, àwọn àgbà àpapọ̀ ẹgbẹ́ agbègbè ń bọ̀ láti fi àmì ẹ̀yẹ dá mi lọ́lá. Kí ni kí wọ́n rí? Ẹ̀gbin? Ìdógùn-ún? Ẹ̀fín? Mo pàṣẹ: kí a fọ gbogbo wágọ́nù tó bá dọ̀tí. Èyí tí a kò bá fọ̀ títí ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé àlejò, kí ó jáde nínú ilé yìí títí ayé. Pákó ẹ̀bá fèrèsé di ti wágọ́nù mi."

Dwight pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

"Alága," ni Lorna wí, "kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọ̀dà ni. Ènìyàn ló jókòó yà á."

"Ẹni tó fi ọ̀dà ya ìdọ̀tí, ìdọ̀tí náà ló ṣe."

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò jà. Wọ́n kó wágọ́nù tiwọn, èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí, wọ́n gbé e lọ sílé pẹ̀lú ìbínú, wọ́n sì ní àwọn ń ṣàìsàn. Verlin kò ní ibi tí yóò gbé tirẹ̀ lọ, àfi abẹ́ ibùsùn. Wágọ́nù tó wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, kò tún yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ti sin.

Bó ṣe dé ní Sátidé kejì, ó bá Dwight nídìí bàsíà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́, oògùn ìṣí-ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fọ ọ̀kan. Èyí tó ní àwòrán pẹ́pẹ́yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni. Arlene rí pẹ́pẹ́yẹ náà lára wágọ́nù kan ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé.

"Ẹ wò ó, Bàbá Verlin, ó ń dán bí abọ́! Ẹ ò ní dúpẹ́?"

Verlin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Pẹ́pẹ́yẹ ti lọ.

"Má fọwọ́ kan mẹ́tàlélógójì tó kù," ló wí.

Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n Dwight ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ohun tó gbóná.

Ọjọ́ àlejò wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Brumbaugh ní òun fẹ́ fa ọkọ̀ ọlọ́gọ́ta wágọ́nù gun òkè kọjá lórí afárá, irú èyí tí ojú kò rí rí. Ó wo orí pákó. Wágọ́nù rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Àwọn yòókù ti kó tiwọn lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mẹ́rìnlélógójì ló kù kó pé ọgọ́ta.

"Verlin," ni alága wí, "inú rere mi pọ̀. Mo gbà kí ẹ̀gbin rẹ sáré lọ́jọ́ àlejò. Ní ìgbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Àìkú, kí o wá kó wọn."

Verlin fi ọdún méje jù ú lọ. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ bí alága ṣe ń pè é ní "ìwọ".

"Níbo lẹ máa kó wọn sí, Alága?"

"Ìrù, dájúdájú. Tèmi ló máa ṣíwájú. Olóyè kì í tẹ̀ lé ẹrú lẹ́yìn."

Verlin wo irin tó gun òkè, ó wo kọ́nà tó wà lórí afárá. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí tó wúwo ṣíwájú, kí èyí tó fúyẹ́ wà nírù. Ní kọ́nà yẹn, ẹ́ńjìnnì á máa fà síwájú, ẹrù ẹ̀yìn á máa fà sẹ́yìn. Èyí tó bá fúyẹ́ láàárín méjèèjì, wọ́n á fà á ṣubú sínú."

"Verlin, ìwọ ń fa bíréèkì. Èmi ni alága."

"Òjé wà nínú gbogbo ti Arlene. Wọ́n wúwo, Alága."

"Ṣé kí àlejò wá wo ẹ̀yìn ẹ̀gbin kí wọ́n tó rí orúkọ mi? O ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Verlin wí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kìlọ̀ fún alága. Kò kìlọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ náà pé. Búrẹ́dì ẹlẹ́ran wà lórí tábìlì, páì elégédé wà, kọfí wà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣàìsàn yá gágá fún páì. Àgbà mẹ́ta wá láti àpapọ̀ ẹgbẹ́, èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé àmì ẹ̀yẹ sínú àpò. Ó ku ìyàwó olórí ìlú. Nítorí rẹ̀ ni Brumbaugh fi ní kí wọ́n má tíì ti pákó ẹnu ọ̀nà. Pákó yìí ni irin ń gbà kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Bí ènìyàn bá fẹ́ wọlé, wọn a ká a sókè. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, wọn a tì í. Bí wọn kò bá tì í, irin á dúró lójijì, ilẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀.

"Ẹ tì í kí ọkọ̀ tó lọ," ni Lorna wí.

"Kí ìyàwó olórí ìlú wá tẹrí ba gba abẹ́ pákó?" ni alága wí. "Mi ò ní tì í kó tó dé."

Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọfí tutù. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sùn, ó jí, ó bá a lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà, Dwight fọn fèrè, Brumbaugh sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan iná mànàmáná, èyí tó ń gbé ọkọ̀ rìn, sí irin.

Ọkọ̀ náà gbéra. Ká má parọ́, ó lẹ́wà. Pupa mẹ́rìndínlógún ń dán níwájú, mẹ́rìnlélógójì Arlene tẹ̀ lé wọn, ẹlẹ́ẹ̀fín, onídógùn-ún, bí ọkọ̀ tó ti rí òjò ayé. Ojú gbogbo àlejò kọjá pupa lọ bá tẹ̀yìn.

"Ẹ wò ó, bí èyí tí mo máa ń rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ni obìnrin kan wí.

Inú Brumbaugh kò dùn sí i. Ó fi kún iná.

Ẹ́ńjìnnì dé kọ́nà, ó gun orí afárá. Wágọ́nù pupa kejì fi ara tẹ̀ sínú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà. Ẹ̀kẹta tẹ̀. Ẹ̀kẹrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ wò ó!" Dwight kígbe tìdùnnú-tìdùnnú. "Wọ́n ń kí Alága!"

Wọ́n kí i lóòótọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí afárá, wọ́n sì yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀ láti orí afárá dé ilẹ̀ pákó: pá, pá, pá, bí àgbàdo tó ń bú nínú ìkòkò. Wọ́n fa ẹ́ńjìnnì náà ṣubú tẹ̀ lé wọn. Ìkọ́ tó so pupa ìgbẹ̀yìn mọ́ ti àkọ́kọ́ Arlene sì já.

Òjé wà nínú mẹ́rìnlélógójì náà. Kò sí èyí tó kúrò lórí irin. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì níwájú wọn mọ́, òkè ni wọ́n sì wà. Wọ́n dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kíákíá, wọ́n ń lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí pákó ká sókè.

"Ẹ mú un! Ẹ dì í mú!" ni gbogbo ènìyàn ń ké. Ọ̀dọ́kùnrin àlejò kan na ọwọ́.

"Má dì í mú!" ni Verlin wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe rẹ̀ nínú yàrá náà.

Ó ti débẹ̀. Bí ènìyàn bá di ìrù ọkọ̀ mú lójijì, gbogbo èyí tó kù á gun ara wọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí wágọ́nù ìgbẹ̀yìn, ó sì ń bá a rìn, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lẹ́bàá tábìlì, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, bó ṣe ń ṣe nínú òjò dídì fún ọdún méjìdínlógójì. Ìkọ́ ń kan ara wọn lẹ́sẹẹsẹ, kí, kí, kí, títí dé iwájú. Wọ́n falẹ̀. Wọ́n dúró. Ìka mẹ́ta ló kù kí irin tán.

Ẹnu ọ̀nà ṣí, ìyàwó olórí ìlú wọlé.

"Ṣé mo pẹ́?" ló wí.

"Afẹ́fẹ́ ni!" Brumbaugh na ìka sí i. "Ẹ̀wù òtútù obìnrin yìí ló fẹ́ wọn! Mo yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, èmi ni alága rẹ̀!"

Àgbà tó gbé àmì ẹ̀yẹ dání bẹ̀rẹ̀, ó ṣa wágọ́nù pupa kan nílẹ̀. Ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an.

"Alága, kí ló wà nínú èyí?"

"Iyì," ni Brumbaugh wí.

"Iyì yìí mà fúyẹ́ o."

Lorna ti gbé ìwọ̀n síwájú rẹ̀. Àgbà náà gbé e lé e. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n kò mì. Ó gbé èkejì lé e, abẹ́rẹ́ sún bí ẹni tó ṣẹ́jú. Ó gbé ọ̀kan nínú ti Arlene, abẹ́rẹ́ lọ dúró sí ibi tó yẹ. Ó wo ipa ẹ̀fín tó ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ìyàwó mi," ni Verlin wí.

Àgbà náà dá a padà sórí irin pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó pa àpò tí àmì ẹ̀yẹ wà nínú rẹ̀ dé, ó sì ní òun á mú páì díẹ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú kọjá, wágọ́nù Arlene kò kúrò lórí irin. Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ ló wá. Kò sí aláìsàn kankan. Brumbaugh gun orí àga, ó ka èsì ìgbìmọ̀ ìwádìí: ó dá afárá lẹ́bi, ó dá kọ́nà lẹ́bi, ó dá alága láre. Lorna ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí alága fi oyè sílẹ̀ na ọwọ́. Ọwọ́ kún yàrá. Brumbaugh yíjú sí akọ̀wé rẹ̀.

"Dwight?"

Dwight wo àjà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè, fèrè sì wà nínú rẹ̀.

"Mo ń na ara ni, Ọ̀gá," ló wí. Ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Brumbaugh ní òun kò lè bá ìwọ̀n ilé ìdáná gbé inú ilé kan náà. Ó kó wágọ́nù mẹ́rìndínlógún rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ ẹsẹ̀ àti èyí tó là lórí, ó tò wọ́n padà sínú páálí wọn. Páálí náà mọ́ tónítóní. Kò sí ibi tó fi ya. Ẹni tó bá ń ra páálí, ohun ìṣúra ló wà níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Dwight gbé fèrè sẹ́nu, ó rántí, ó sì mú un kúrò.

Fìlà ọ̀gá rélùwéè ṣẹ́kù lórí àga. Lorna mú un wá.

"Bọ̀dá Verlin, ẹ gbà. Gbogbo wa ló fẹ́."

"Rárá."

"Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ."

"Mo mọ iṣẹ́. Mi ò mọ fìlà."

"Kí wá lẹ fẹ́?"

Verlin wo pákó ẹ̀bá fèrèsé. Aṣọ fẹlifẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí rẹ̀. "Kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀."

Ẹnì kan fa aṣọ náà kúrò, ó fi nu tábìlì. Ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n sáré lọ kó wágọ́nù tiwọn nínú mọ́tò, gbogbo yàrá sì tún kún fún ariwo àti kọfí. Wọ́n yí aago ògiri padà. Wọ́n ti pákó ẹnu ọ̀nà, Lorna fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Verlin to káàdì síwájú rẹ̀. Ó ka èyí tó wà lókè, ó wọ jígí, ó tún un kà.

"Mélòó lẹ fẹ́ fà?" ni Lorna béèrè.

"Gbogbo wọn."

"Káàdì mẹ́rìnlélógójì? Ìlú mọ́kànlá? Ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nílùú tirẹ̀? Bọ̀dá, ilẹ̀ á ṣú o."

"Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí nílé."

Lorna fa àga kan wá, ó jókòó síwájú ohun ìdarí kejì tó ń fún irin níná, ó sì gba ìdajì káàdì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ìyẹ̀fun ń lọ sí Danforth. Ẹ fún un níná."